Omi Kọ́ Ni Ọmọ Ń Sá Fún

Ní Ìlọrin, nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà bá ń parí lọ, tí ooru ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń gbé ẹní wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé inú yàrá kò ṣeé sùn mọ́, òjò àkọ́rọ̀ a máa dé lójijì bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ẹ̀kán rẹ̀ kìn-ín-ní tó kanlẹ̀ tán, gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́ inú agbo ilé á ti bọ́ aṣọ sọnù, wọn á ti tú síta, wọn á máa yí bí òkòtó, wọn á máa la ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ, omi á sì máa ṣàn láti àtàrí wọn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wo àárín wọn dáadáa, ẹ óò rí ọmọ ọdún 3 kan tó jẹ́ pé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti fà á yọ kí wọ́n tó lè wẹ̀ fún un, tó sì figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé kejì fi yọjú wá béèrè bóyá omi gbígbóná ló dà sí i lára. Omi òwúrọ̀ kò ju ìlàjì korobá lọ. Omi ìrọ̀lẹ́ yìí kò ní òdiwọ̀n, ó tutù jù ú lọ, ó sì ń lu orí rẹ̀ láìdúró, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín.

Àwa àgbà a máa yára fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. A ó pè é ní alágídí, a ó pè é ní ọ̀bùn, ẹlòmíràn á tilẹ̀ ní ìwà ìdílé ìyá rẹ̀ ló ń yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò yìí ti tú àṣírí. Omi kò ní ọ̀tá, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì yọ ọmọdé sílẹ̀ nínú òwe náà. Ohun tí ọmọ ń sá fún ń bẹ láàárín omi àti ọwọ́ tí ń da omi, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọmọ wẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ẹkún, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè yé ènìyàn àfi bí a bá padà sí ọjọ́ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní agbo ilé Ìlọrin, ìbáà ṣe ní Pàkátà níbi tí wọ́n ti ń hun òfì, ìbáà ṣe ní Òkè-Lélè níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, ìyá tó bímọ kọ́ ni í sábà wẹ ọmọ tuntun. Ìyá àgbà ni, ẹni tí ó ti wẹ ọmọ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ egungun ọmọ bí alágbẹ̀dẹ ti mọ irin. Yóò jókòó lórí àpótí, yóò ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, yóò sì tẹ́ ọmọ sí orí ojúgun méjèèjì bí ẹni tẹ́ ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Omi wà ní ọ̀tún rẹ̀, ọṣẹ àti kànìnkàn wà ní òsì. Yóò fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, yóò ní “Bìsìmílàhì”, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Yóò fọ orí, yóò fọ ọrùn, yóò fọ kọ̀rọ̀ abíyá àti ẹ̀yìn etí níbi tí omi ọmú máa ń sá pamọ́ sí. Yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀, yóò fa ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà lọ bá ẹsẹ̀ òsì, yóò fa ọwọ́ òsì lọ bá ẹsẹ̀ ọ̀tún. Yóò yí ọmọ dojú bolẹ̀, yóò fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí. Àwọn mìíràn a tún máa ju ọmọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí àyà rẹ̀ má baà máa já. Ní ti jíjù yìí, mo fara mọ́ àwọn oníṣègùn tó ní kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọrùn ọmọ tuntun kò tíì le tó ohun tí ń gbé orí bẹ́ẹ̀ dúró. Èyí tó kù nínú iṣẹ́ ìyá àgbà, n kò rí ẹni tó lè kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ìnura, lẹ́yìn ìnura ni òrí tàbí àdín, lẹ́yìn òrí ni oorun.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Bí ọwọ́ ìyá àgbà ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá jẹ́ ọkùnrin, Àkànní ni yóò máa pè é, tàbí Àlàó, tàbí Àjàní. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àsàkẹ́. Orúkọ tí Àáfà fún ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ, ti ilé kéwú ni, ti ilé ìwé ni, ti ọ́fíìsì ni lọ́jọ́ iwájú. Oríkì ni orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ nínú omi. Láti ibẹ̀ ni ìyá àgbà á ti bọ́ sí orírun: bó bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ á gbọ́ ti ogun kí ó tó mọ ohun tí ogun ń jẹ́, bó bá jẹ́ ọmọ Ọlọ́fà, á gbọ́ ti ìjàkadì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ranlẹ̀, bó bá sì jẹ́ ará Ìlọrin láti ilẹ̀ wá, á gbọ́ ti ìlú Àfọ̀njá, ìlú ńlá tí kò ní eégún bí kò ṣe ẹṣin. Ọmọ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbọ́. Ohùn kan wà, ẹsẹ̀ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan wà tí kì í kù gììrì, omi sì wà láàárín gbogbo wọn. Ohun tí ìwẹ̀ jẹ́ lójú ọmọ fún ọdún kan gbáko nìyẹn.

Wàyí o, ọmọ ń dàgbà. Ó dúró, ó rìn, wọ́n já a lẹ́nu ọmú, àbúrò dé, ẹsẹ̀ ìyá àgbà sì di ti àbúrò. Lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un tẹ́lẹ̀, ìwẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ènìyàn, ó di orí sìmẹ́ńtì balùwẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń kánjú, ọjà Ìpàtà ń dúró dè é, tàbí ọ̀gá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ ti ń wo aago. Ó di ọmọ lápá mú, ó bu igbá omi kan dà á lórí gbàà, ó fi kànìnkàn gbo ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò àmàlà, ó tún bu omi mìíràn dà á lórí, ó tán. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbọ́ kò ju mẹ́rin lọ: dúró, dijú, gbé apá sókè, yéé ké. Oríkì ti tán, àṣẹ ló kù. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu bí ọmọ náà bá rò pé wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ òun, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè rẹ̀ ju ẹkún lọ?

Ẹ̀rù tún wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù ọmọdé sì kì í ṣe ohun à ń fi ọwọ́ gbá dànù. Balùwẹ̀ agbo ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré kò ní òrùlé. Ògiri rẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ihò kan sì wà ní ẹsẹ̀ ògiri tí omi ń gbà jáde, tí ọ̀pọ̀lọ́ náà sì máa ń gbà wọlé. N kò lè ju ọmọ ọdún 4 lọ nígbà náà, kò sì sí ẹni tó lè mú mi dúró kí n kọ ẹ̀yìn sí ihò náà. Wọ́n nà mí, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọkùnrin kì í bẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́, n kò gbọ́. Ìyá mi àgbà ni kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n lọ ṣa òkúta tí èmi tìkára mi rò pé ó tó, kí n sì fi dí ihò náà nígbà tí a bá fẹ́ wẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó bọ́ aṣọ ni mo ti ń lọ yẹ òkúta mi wò. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ìwẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn.

Nínú gbogbo ẹ̀rù balùwẹ̀, ti orí ló tóbi jù. Àwa tí a ka orí sí ọba ara, tí a sì ń sọ pé orí burúkú kò gbọ́ ọṣẹ, ó yẹ kó yé wa pé ẹni tó da omi lé ọmọ lórí lójijì ti ti ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti imú rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ìwọ̀n ìgbà tí omi náà fi ń ṣàn, ọmọ kò ríran, kò gbọ́ràn, kò lè mí, kò sì sí ohun tó fi hàn án pé yóò dópin. Ọṣẹ tún tẹ̀ lé e. Ọṣẹ dúdú wa dára, ó ń hó funfun bí ẹ̀kọ funfun ti ń jáde nínú ìkòkò dúdú, ṣùgbọ́n eérú ni a sẹ́ tí a fi pò pọ̀ mọ́ àdín tàbí òrí láti sè é, agbára eérú náà kò sì ṣeé fojú kó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ tí ọṣẹ bá ti ta lójú lẹ́ẹ̀kan, bó bá ti gbúròó igbá nínú korobá, abẹ́ ibùsùn yá.

Nítorí náà, kí orí ó kẹ́yìn. Kò sí òfin tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kò sì sí òfin tó ní kí a fọ irun ọmọ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá kan orí, kí ẹni tí ń wẹ ọmọ tún jókòó sórí àpótí, kí ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, kí ó fi ọwọ́ kan gbá ìpàkọ́ rẹ̀ mú, kí ó ní kí ó wo òkè, kí ó wo ẹyẹ tàbí alángbá tó wà lórí ògiri. Omi inú ife kékeré ni kó lò, kí ó sì dà á láti iwájú orí lọ sí ẹ̀yìn, kí aṣọ gbígbẹ kan sì wà ní iwájú orí ọmọ láti gba èyí tó bá fẹ́ ṣàn sójú. Ìhó ọṣẹ inú àtẹ́lẹwọ́ ti tó fún irun; kí a má fi odidi kànìnkàn gbo orí. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a sọ fún ọmọ kí omi tó dé. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí omi má sì dé kí ó tó pe ẹ̀ta. Ẹni tó bá da omi ní èjì ti ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́.

Ẹ̀rù tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1924, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Mary Cover Jones kọ ìròyìn nípa ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 3 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ̀rù ehoro máa ń bà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ rí ohun onírun funfun. Wọn kò gbé ehoro sí i lẹ́sẹ̀ tipátipá, wọn kò sì ṣàlàyé fún un pé ehoro kì í jẹ ènìyàn. Nígbà tí ọmọ bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn ni wọ́n á gbé ehoro náà, nínú àgò, sí ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ mìíràn wọn á sún un mọ́ ọn díẹ̀, títí ọjọ́ fi pé tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ehoro lára. Àwọn onímọ̀ ṣì ń ka iṣẹ́ yẹn kún ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ bí a ti ń tú ẹ̀rù kúrò lára ènìyàn. Àwọn ìyá wa kò ka ìròyìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ọmọ tí ẹ̀rù ti wọ̀ lára, kí a gbé báàfù rẹ̀ gbígbẹ sí àgbàlá, kí ó jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lára, kí ó máa jẹ másà rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí omi tó bo àtẹ́lẹsẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, kí ó wẹ̀ fún ọmọlańgidi rẹ̀ tàbí kí ó fọ ife rẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo àsìkò náà, aṣọ rírin ti tó láti fi nu ojú, ọwọ́, abíyá, ìdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ rùn.

Ohun mìíràn wà tí Ìlọrin ní, tí ó wà lójú gbogbo wa tí a kò sì ń lò ó tó. Ọmọ ọdún 3 kan náà tí ń sá fún korobá, bí baba rẹ̀ àgbà bá gbé búta láti ṣe àlùwàlá, òun ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ jókòó tì í. Yóò na ọwọ́, yóò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò yọ ẹnu, yóò fín omi sí imú títí yóò fi sín, yóò bọ́jú, yóò da omi sí apá dé ìgbọ̀nwọ́, yóò pa orí pẹ̀lú ọwọ́ rírin, yóò fọ etí, yóò sì parí rẹ̀ sí ẹsẹ̀, gbogbo aṣọ rẹ̀ á ti rin gbingbin, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i pé ètò àlùwàlá fúnra rẹ̀ ló ń fa ọmọ mọ́ra. Ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ sì ni ibi tí ẹ̀rù kò sí lára ọmọ. Ọ̀tún ṣáájú òsì nígbà gbogbo, nítorí náà ọmọ mọ ibi tó kàn. A kì í da omi lu orí, a kàn ń fi ọwọ́ pa á ni. Àgbà àti ọmọdé sì jọ ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ń fọ ẹnìkan. Ìyá tó bá gbọ́n, nínú ètò yìí ni yóò ti wọ inú ìwẹ̀. Yóò jẹ́ kí ọmọ ṣe àlùwàlá tirẹ̀ tán pẹ̀lú búta kékeré, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti wà nínú omi, láti ẹsẹ̀ sí orúnkún, láti orúnkún sí ìbàdí, ìwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọyẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá gbé Ìlọrin láàárín oṣù Ọ̀pẹ́ àti Èrèlé lè máa rò pé àsọdùn ni. Afẹ́fẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ a gbẹ ètè, a la gìgísẹ̀, omi inú àmù a sì tutù ní ìdájí bí ẹni pé wọ́n fi òkúta yìnyín sí i. Ara ọmọ kékeré, bí a bá fi wé ìwúwo rẹ̀, fẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà ooru ara rẹ̀ ń yára bọ́ ju tiwa lọ. Òtútù tí àgbà kàn gbọ̀n sí ni ọmọ ń ké sí, kì í sì í ṣe àkẹ́jù. Kí a yí àkókò ìwẹ̀ padà sí ọ̀sán tí oòrùn ti mú, kí a ti ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ìnura wà ní àrọ́wọ́tó kí omi tó kan ara ọmọ. Omi tútù ni kí a kọ́kọ́ bù sí báàfù, kí a tó bu gbígbóná là á, nítorí pé omi tó gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, ti ọmọ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 37 sí 38 ló bá ara ọmọ mu, ìgbọ̀nwọ́ ìyá àgbà sì mọ ìwọ̀n náà láìsí òṣùwọ̀n. Ìwẹ̀ ọyẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí omi bá ti kúrò lára ọmọ, tí ara rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, ni kí a fi òrí pa á, òrí tí àwọn obìnrin Bàrùtẹ́n àti Kàyámà, ní àríwá ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ń fi ọwọ́ wọn pò. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nídìí omi, ìbáà ṣe pé ìpè fóònù kan péré lẹ fẹ́ lọ gbà. Omi tí kò jìn ju íńṣì 2 lọ ti tó láti gba ẹ̀mí ọmọ, kì í sì í pariwo.

Ìṣọ́ra kan tún kù: kànìnkàn tuntun a máa họ awọ ọmọ. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí a lù ú, kí àgbàlagbà lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi rọ̀, tàbí kí a máa fi ọwọ́ lásán fọ ọmọ.

Ìjà mìíràn wà tí kò kan omi rárá: àkókò ni. Ọmọ tó jókòó sínú iyanrìn tí ń kọ́ ilé, tó ti fi ìdérí agolo ṣe ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kò sí ẹni tí yóò wọ Pàkátà, tí yóò bá ahunṣọ nídìí òfì, tí yóò fà á lápá dìde láìkọ́kọ́ kí i, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń ṣe fún ọmọ. Ìrun márùn-ún ló pín ọjọ́ wa ní Ìlọrin, n kò sì mọ aago tó dára jù ú lọ fún ilé tó ní ọmọ kékeré. Bí a bá ti sọ ọ́ di àṣà pé nígbà tí ládàánì bá pe ìrun Àsárì ni ìwẹ̀ yá, kì í ṣe ìyá ló gba eré lọ́wọ́ ọmọ mọ́, ládàánì ni, ọmọ kò sì rí ládàánì bá jà. Kí ìyá kàn sọ fún un ṣáájú pé, “Àkànní, bí ilé yìí bá ti parí, bí o bá ti gbọ́ ìpè, omi yá,” kí ó sì dúró kí ilé náà parí ní tòótọ́.

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ìwẹ̀ tún ń fa ọmọ ju ìwẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ Iléyá, kò sí ọmọ tí a ń wá ní abẹ́ ibùsùn. Àwọn ni í jí wa, nítorí pé aṣọ tuntun ti wà lórí ìkọ́, ẹṣin yóò jáde, ẹran yóò sì wà. A kò lè ṣe Iléyá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kékeré kan, ìjókòó lórí ẹsẹ̀ bàbá, tàbí kí ọmọ gbé wàrà lọ fún ìyá àgbà ní yàrá rẹ̀, ó tó fún un. Èyí tó ń dùn mí dé ọkàn ni irọ́. “Wá wẹ̀, ká lọ sí Ọjà Ọba.” Ọmọ á wẹ̀ tayọ̀tayọ̀, á wọ bàtà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ á ṣú, kò sí Ọjà Ọba. Ọmọ yẹn kò ní sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti fúyẹ́ ju ìhó ọṣẹ lọ.

Láàárín ọdún 2 sí 3 ni ọmọ ń mọ̀ pé òun ní “mi ò” tòun, yóò sì máa lò ó sí ohun gbogbo, àti èyí tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́. Ẹ má bi í léèrè bóyá yóò wẹ̀. Ẹ bi í bóyá igbá ni òun yóò fi wẹ̀ tàbí ife, bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ṣáájú tàbí ikùn. Ẹ fún un ní ọṣẹ tirẹ̀ kékeré kí ó máa fi pa ikùn, kí ó sì bá yín fọ apá yín. Omi yóò dà sílẹ̀, ọṣẹ yóò bọ́ sínú korobá, ìró yín yóò rin. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò ní mo ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́, pé ilé Yorùbá kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń pàṣẹ. Mo gbà pé ọmọ tó bọ́ sínú gọ́tà gbọ́dọ̀ wẹ̀, bó ké bó rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ pé kí ìyá máa bẹ ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a mú wọ balùwẹ̀, omi ni yóò máa gba ẹ̀bi rẹ̀ lọ́kàn ọmọ. Bí ọmọ tó ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá sì dédé kọ̀, kí a tó pè é ní alágídí, kí a wo etí rẹ̀ bóyá ó ń dùn ún, kí a wo ara rẹ̀ bóyá kúrúnà tàbí ibi tó bó ni ọṣẹ ń ta, kí a sì fara balẹ̀ béèrè ẹni tí ń wẹ̀ fún un. Ọmọ tó ń sá fún ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo, tí kì í sá fún ti ẹlòmíràn, ohun kan ló ń sọ fún wa tí kò rí ọ̀nà sọ, ọwọ́ ẹni náà sì gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí a tó wádìí.

Ọmọ kan wà nínú ẹbí wa tó jẹ́ pé odidi ọyẹ́ kan ni a fi bá a fa ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 3. Ìyá àgbà ló yanjú rẹ̀; ó sọ pé àbúrò lè dúró díẹ̀, ó tún na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì pe ọmọ náà ní oríkì rẹ̀ láti ìloro dé balùwẹ̀. Ó ti pé ọdún 7 báyìí, ọjọ́ orí tí a ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun fún ọmọ. Ó ń dá wẹ̀, ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Apá ìyá àgbà kò lè gbé igbá sókè mọ́. Bí ìpè Àsárì bá ti dún, ọmọ náà ni í gbé àpótí síta fún un, ni í bu omi sínú búta, kí ó sì tó da èyíkéyìí sí ìyá náà lẹ́sẹ̀, a ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, a ti ìgbọ̀nwọ́ bọ inú omi, a dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀, a wo ojú ìyá náà, a ní, “Ìyá, ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.”